Mojírádé àti Ìbówáyà Inú Igbó Àìsinmi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ìdí ògiri lọ́hùn-ún. Ohùn mi kò ròkè bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra máa pa á, nítorí mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Èmi Ọdẹ́rìndé ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi tí mo fi ojú ara mi rí ẹfọ̀n tó ń rẹ́rìn-ín, èmi tí iwin mẹ́fà pàdé lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì yà fún mi. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ti Mojírádé ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ní ìlú wa yìí, Òkè-Òro. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá dé ibi tí iyọ̀ ti pọ̀ díẹ̀ jù, ẹ má bínú, ọdẹ ni mí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Mojírádé kì í jókòó. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ń jẹun, ó ń rìn kiri àgbàlá. Bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bí i, kò dúró de agbẹ̀bí. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ iná tán, àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń parí rẹ̀. Òun ló fa wáyà sí ilé ìgbẹ̀bí tí ìlú kọ́, a sì patẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ tí iná kọ́kọ́ tàn níbẹ̀. Èmi náà patẹ́wọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni pé abẹ ìfárùngbọ̀n ló fi ń bó wáyà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí iṣẹ́ náà ṣàjèjì sí. Rọ́bà ni èèpo wáyà, bàbà ló wà nínú rẹ̀, bàbà yìí sì ni iná ń gbà kọjá. Kí a tó lè so wáyà mọ́ súwìṣì, a gbọ́dọ̀ bó èèpo ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ bá wọlé ju bó ti yẹ lọ, á ha bàbà náà lára. Ọgbẹ́ kékeré ni, ojú kì í tètè rí i. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ yẹn ni iná á ti máa há, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ nínú ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí i.

Ní ọdún kejì, ní ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú kan, àjà yàrá ìgbẹ̀bí gbaná. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé, tó jẹ́ olórí ibẹ̀, gbé abiyamọ kan àti ọmọ ọjọ́ mẹ́ta jáde nínú èéfín. Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó yọ́ kán sí Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ òsì, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìka.

Ní ọjọ́ kẹta, Nọ́ọ̀sì wá sí ilé Mojírádé. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀. Ó mú wáyà kan jáde nínú àpò, èyí tí wọ́n yọ láti inú ògiri, ó gbé e lé orí tábìlì.

Ó ní, “Mojírádé, wo ẹnu wáyà yìí.”

Mojírádé wò ó. Ilà tín-ín-rín kan yí bàbà náà po, bí ẹni pé wọ́n fi okùn fún un lọ́rùn. Ibẹ̀ gan-an ló ti dúdú.

“Kí lo fi bó o?”

“Abẹ ni, mà.”

“O mọ̀ pé abẹ kì í ṣe irinṣẹ́ rẹ̀.”

“Mo mọ̀, mà. Ó yá lọ́wọ́ ni.”

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Mojírádé sọ fún mi pé ká ní ó pariwo ni, ara ì bá tu òun. Ohun tó sọ ni pé, “Sìkírátù ìyàwó onígẹdú máa bímọ láàrin ọjọ́ mẹ́wàá sí òní. Nígbà tó bí àkọ́bí, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ó ti lọ. Mi ò lè gbẹ̀bí rẹ̀ lábẹ́ iná àbẹ́là, ọ̀nà ìlú ńlá sì jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Ìwọ lo ṣe iṣẹ́ yìí, ìwọ ni mo fẹ́ kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n lọ wá irinṣẹ́ gidi kó o tó fọwọ́ kan ilé mi.”

Mojírádé lọ sí ọjà, ó ra ìbówáyà. Èyí àkọ́kọ́ tẹ̀ bíi ṣíbí. Ó padà lọ ra òmíràn, ìyẹn gé bàbà mọ́ èèpo. Ẹ̀kẹta ní ẹnu tó mú, ṣùgbọ́n kò tíì bó wáyà ogún tí irin tó dè é láàrin fi tú. Ìgbà yẹn ló wá bá mi. Kò jókòó. Ó ń rìn láti ìdí ìkòkò dé ìdí àga mi.

“Bàbá Ọdẹ, ẹ sọ fún mi nígbà kan rí pé alágbẹ̀dẹ kan wà nínú igbó tí irin rẹ̀ kì í purọ́.”

Mo ní, “Ìyá Ẹlẹ́wìrì ni. Àárín Igbó Àìsinmi ló wà. Òun ló rọ ọ̀bẹ tó wà ní ìbàdí mi yìí, ogójì ọdún rè é. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ bí ẹni lọ sí oko.”

“Ọ̀nà ibẹ̀ dà?”

Mo mú un dé ẹnu ààlà, mo sì dúró. Ẹ má rò pé ẹ̀rù bà mí. Orúnkún ló ń dùn mí.

Ìdí tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Igbó Àìsinmi ni pé kò sí ohun tó ń dúró lójú kan níbẹ̀. Igi tó wà lápá ọ̀tún rẹ nísinsin yìí, bó o bá ṣẹ́jú, ó ti kọjá sí apá òsì. Òkúta ń yí kiri bí ẹni wá nǹkan tó sọnù. Ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó, ilẹ̀ á yọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Mojírádé kọ́kọ́ wọlé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó dà bíi pé òun dé ìlú àwọn ẹbí òun. Ó ń bá igi rìn, ó ń bá òkúta sáré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wá ibi tó máa gbé ìdí lé, ìṣẹ́jú kan péré, kò rí. Ó fara ti ìrókò, ìrókò ní kó yàgò fún òun. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó wu Mojírádé láti jókòó.

Ibi tó ti ń wá ìjókòó kiri ló ti já sí ìlú kan tó ń tàn yanranyanran. Ìlú Dídán ni. Ara àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, aṣọ wọn ń dán, àtẹ wọn ń dán, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olórí wọn, ẹni tó ń jẹ́ Tànyanran, na ọwọ́ méjèèjì sí i.

“Káàbọ̀, ọmọ oníná. A ti mọ ohun tó ò ń wá.”

Ó mú un dé ìdí àtẹ kan. Ìbówáyà ló kún orí rẹ̀, ọgọ́rùn-ún méjì, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ọwọ́ àwọn kan pupa bí ẹyin ojú ọ̀pẹ, àwọn mìíràn yẹ́lò, àwọn mìíràn ní àwọ̀ méjì. Ẹnu wọn ń kọ mọ̀nà. Ọ̀kan ló tilẹ̀ ní iṣẹ́ mẹ́jọ lára: ó ń bó wáyà, ó ń gé irin, ó ń ṣí ìgò. Ẹ ti mọ Mojírádé. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí èyí tó pupa jù kí Tànyanran tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, “Mo mú èyí. Ojú ọ̀nà dà?”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ọwọ́ Nọ́ọ̀sì tó wà nínú báńdéèjì ló kọjá lójú òun, òun sì dúró. Ó yọ wáyà kékeré kan nínú àpò rẹ̀.

Tànyanran béèrè pé, “Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ dán an wò ni.”

Ẹni tó ń kọrin gé orin rẹ̀. Tànyanran rẹ ohùn sílẹ̀. “A kì í dán nǹkan wò níbí. A máa ń wò ó ni. Wo bó ṣe rẹwà.”

Mojírádé ti ń bó wáyà. Ẹ̀ẹ̀kan, ó bó dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó bó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ ti kú, ó ń fa rọ́bà ya bí ẹni fi eyín fà á. Ó mú òmíràn, ó mì í létí, irin àárín rẹ̀ ń ró kèrékèré. Ó fa ọwọ́ ẹ̀kẹta, rọ́bà ọwọ́ náà bọ́ sí i lọ́wọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, irin lásán ló kù. Ó ṣe kedere sí i pé bí iná bá wà lára wáyà lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ òun ni iná náà máa gbà wọlé.

Ó sọ ọ́ sórí àtẹ. “Wọn ò dáa.”

Wọ́n sáré tẹ̀ lé e, gbogbo ìlú pátá. Ká ní èmi ni, ṣe ni ǹ bá yíjú padà sí wọn, mo ti gbéjà ko ọgbọ̀n wọn rí lójúmọmọ. Mojírádé sáré ní tirẹ̀. Kò pẹ́ tó gbọ́ pé ẹsẹ̀ wọn ń dún fọ́gẹfọ̀gẹ lẹ́yìn òun. Ó wẹ̀yìn. Wọn kò ní eegun. Dídán tó wà lára wọn, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ ni orúnkún wọn ń tẹ̀ síwájú, tó ń tẹ̀ sẹ́yìn, títí wọ́n fi dùbúlẹ̀ lé ara wọn lórí lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà yẹn gbé e dé etí odò kan. Afárá igi kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, iwin ńlá kan sì jókòó sí ẹnu afárá náà. Jẹgijẹgi ni orúkọ rẹ̀. Eyín ló pọ̀ jù ní ara rẹ̀. Ó ń fi eyín náà bó èèpo igi, ó ń bó o láti ìdí dé orí, kíákíá, ó ń tu èèpo sílẹ̀, ó sì ń kọjá sí igi mìíràn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni igbó gbígbẹ wà, igi tó ti kú lọ rẹrẹ.

Jẹgijẹgi ní, “Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ẹni tó bá dáhùn, á kọjá. Ẹni tí kò bá dáhùn, mo máa bó èèpo tirẹ̀ náà.”

“Ẹ béèrè, Bàbá. Mò ń kánjú.”

“Aṣọ kan ṣoṣo ló ní. Bí o bá bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ tí kò fara pa, á bá ọ tan ilé. Bí ó bá fara pa, á dákẹ́, kò ní sọ fún ọ, á sì jó ilé náà lọ́jọ́ tí o ti gbàgbé. Kí ni?”

“Wáyà ni.”

“Ó dáa.” Iwin náà fi ahọ́n ka eyín rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Nígbà tí o bọ́ aṣọ lára rẹ̀ tán, báwo lo ṣe ń mọ̀ pé kò fara pa?”

Mojírádé ronú kan gbogbo ilé tó ti ṣe. Ó ń bó wáyà, ó ń so ó, ó ń lọ. Ó lè pa irọ́ kan, irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, “Mi ò mọ̀, Bàbá. Mi ò wò ó rí.”

Ó dijú, ó ń retí eyín. Nígbà tí eyín kò dé, ó lajú, ó rí i pé omi ló ń bọ́ lójú Jẹgijẹgi.

Iwin náà ní, “Gbogbo oníṣẹ́ tó ń kọjá níbí ló ń sọ fún mi pé ọwọ́ àwọn mọ́. Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Èèpo ni mò ń jẹ, mi ò fẹ́ kí igi kú. Odindi ọgọ́rùn-ún ọdún ni mo fi ń lọ síwájú tí mi ò bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́ tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí ohun tí ò ń wò yẹn.” Ó ṣẹ́ ẹ̀ka tútù kan, ó bó èèpo rẹ̀ díẹ̀, ó nà án sí Mojírádé. “Tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, kí o tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún.”

Mojírádé tẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ka náà kán ní ibi tí eyín ti wọ̀ ọ́, kò kán níbòmíràn.

“Bí wáyà ṣe rí náà nìyẹn. Gbé e sí oòrùn kí o wò ó yí ká. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní okùn bàbà púpọ̀ nínú, ka okùn náà kí o tó bó o àti lẹ́yìn tí o bó o. Bó bá sì ń ṣe ọ́ bíi pé ó fara pa, tẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá ní ọgbẹ́ ló máa kán. Máa lọ. Ìwọ nìkan ni kò tíì purọ́ fún mi.”

Ó kọjá. Ní òdìkejì odò ló ti gbọ́ ìró ẹwìrì, fùú, fùú, ó sì tọ ìró náà lọ títí tó fi dé àgọ́ alágbẹ̀dẹ.

Ìyá Ẹlẹ́wìrì kéré bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, irun rẹ̀ sì funfun bí eérú. Àwọn mẹ́ta kan wà nídìí ẹwìrì, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, wọ́n ń fẹ́ iná. Wọ́n so tẹ́sítà mọ́ ìbàdí, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré tí àwọn oníná fi ń mọ̀ bóyá iná wà nínú wáyà. Ìbówáyà ló bo gbogbo ògiri àgọ́ náà láti òkè délẹ̀.

Mojírádé kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ìbówáyà kan ni mo wá bẹ̀ yín fún.”

“Ọ̀kan péré ni o máa mú. Bí o bá mú u tán, ìwọ fúnra rẹ lo máa fi bó irun ọmọ mi tó sùn lẹ́yìn iná yìí. Onírun-Bàbà ni orúkọ rẹ̀. Bí o bá ha irun náà lára, á jí. Bó bá jí, mànàmáná ló ń yọ lójú rẹ̀. Bí mànàmáná náà kò bá pa ọ́, wàá dara pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta yìí.”

Àwọn mẹ́ta náà kò gbójú sókè.

“Ṣùgbọ́n kí o tó yàn,” ni Ìyá wí, “jókòó.”

Àpótí kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Òun nìkan ni ohun tó dúró lójú kan nínú gbogbo igbó yẹn. Mojírádé ti ń wá ibi ìjókòó láti ọjọ́ kejì, ó sì jókòó. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyẹn ló nira jù nínú gbogbo ìrìn àjò rẹ̀? Nígbà tí ẹsẹ̀ dúró ni ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Sìkírátù, ọjọ́ mẹ́wàá, àjà tó dúdú, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta nínú èéfín. Ó fẹ́ dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí mú.

Ìyá ń gbé ìbówáyà fún un, ó ń gbà á. Èyí tó wúwo bí ọmọ owú, ó dá a padà. Ó ṣí àwọn kan sí i, ó pa wọ́n dé, ó gbé wọn sójú iná láti wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ẹnu wọn kọjá. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé dọ́gba, ó dá a padà. Èyí tí kò lè fúnra rẹ̀ là lẹ́yìn tí ó tẹ̀ ẹ́, ó dá a padà, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ tó ń la irinṣẹ́ nígbà ẹgbẹ̀rún lóòjọ́ á rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọwọ́ tó bá sì rẹ̀ á ha bàbà. Àwọn kan dára délẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin gìrìwò ni wọ́n rọ wọ́n fún, ìka rẹ̀ kò ká a. Ó pẹ́. Iná kú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún un dá.

Èyí tó yàn níkẹyìn dúdú, kò ní ọ̀dà kankan. Irin rẹ̀ le, àárín rẹ̀ kò mì. Ihò mẹ́fà wà ní ẹnu rẹ̀, láti èyí tó tóbi dé èyí tó kéré, Ìyá sì ti fín nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ di irin mú pinpin. Bó ṣe dì í mú, ó dà bíi pé ó ti ń lò ó tipẹ́.

Ìyá na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sí ẹ̀yìn iná.

Onírun-Bàbà dùbúlẹ̀ lọ gbọọrọ bí òkè. Irun orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nípọn bí wáyà, rọ́bà dúdú ló bò ó. Mojírádé gbé ẹyọ kan. Ó wo ibi tí wọ́n gé e sí, ó ka okùn bàbà inú rẹ̀: méje. Ó kọ́kọ́ fi irun náà sí ihò kẹta, ó tẹ̀ ẹ́, rọ́bà kò gé. Ó bọ́ sí ihò kẹrin, rọ́bà gé díẹ̀. Ihò kẹfà wà níbẹ̀ tó máa gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́ lọ síbẹ̀. Kò jẹ́ kó lọ. Ó fi sí ihò karùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbọ́ ìró kékeré kan, ó rọra fà á. Rọ́bà náà yọ kúrò bí èèpo ẹ̀wà tó ti mu omi.

Ó gbé e sójú iná, ó yí i po. Ó kà á. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún.

Ìyá béèrè pé, “Mélòó ló wà tẹ́lẹ̀?”

“Méje, Ìyá.”

“Mélòó ló kù?”

“Méje.”

Onírun-Bàbà mí kanlẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ń sùn lọ.

Ìyá ní, “Gbé e lọ. Kó o sì gbọ́ èyí. Rọ́bà tí mo fi sí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìhámọ́ra ogun. Pa iná láti orísun kó o tó fọwọ́ kan wáyà, lójoojúmọ́, ì báà ṣe pé ojú ń kán ọ. Abẹ tó wà nínú àpò rẹ yẹn, jù ú sínú iná yìí kó o tó jáde.”

Mojírádé jù ú sí i. Ó yíjú sí àwọn mẹ́ta tó wà nídìí ẹwìrì, ó béèrè bóyá òun lè mú wọn lọ. Obìnrin àárín wọn ló dáhùn, kò dá iṣẹ́ dúró. “Èyí tó dán jù ni mo mú. Máa lọ, arábìnrin. Ìgbà tí Ìyá bá gbà pé mo ti mọ bí a ṣe ń yàn, á tún gbé mi jókòó lórí àpótí yẹn.”

Bó ṣe padà dé, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ọjọ́ kẹfà ni mo rí i tó yọ sí ẹnu ààlà, níbi tí mo jókòó sí tí mò ń sun iṣu jẹ. Kò tilẹ̀ bù nínú rẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí ló gbà lọ tààrà.

Ó tú gbogbo wáyà tó wà nínú ògiri náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kọjá, kò tíì so ẹyọ kan. Baálẹ̀ wá, ó ní, “Mojírádé, ṣé ìwọ nìyí? Iṣẹ́ tó ò ń fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe.” Ó ní, “Ẹ má bínú, Baálẹ̀,” ó sì ń bó wáyà, ó ń ka okùn, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báńdéèjì rẹ̀, ó ń wò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n gbé Sìkírátù wọlé.

Nọ́ọ̀sì béèrè pé, “Ó ku mélòó?”

“Méjì, mà.”

“Ó ti ń rọbí. Ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ.”

Mojírádé wà lórí àkàbà. Ó gbọ́ tí Sìkírátù kérora ní yàrá kejì. Ó bó wáyà tó kàn, ó fẹ́ tì í wọ súwìṣì, ojú rẹ̀ sì lọ sí i. Ó kà á. Mẹ́fà. Ó tún un kà, mẹ́fà ni. Nínú ìkánjú, ó ti fi sí ihò tó kéré jù.

Kò sí ẹni tó rí i àyàfi òun. Mẹ́fà á gbé iná. Á gbé e lónìí, á gbé e lọ́la. Ó sọ fún mi pé, “Bàbá Ọdẹ, gbogbo ara mi ló ń sọ pé kí n so ó.”

Ó gé ẹnu wáyà náà sọ nù. Ó bó o láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kà á, ó jẹ́ méje, ó so ó. Ó bó èyí tó kẹ́yìn. Sìkírátù tún kérora. Ó kà á, ó so ó, ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ tan iná láti orísun.

Yàrá náà mọ́lẹ̀ kedere. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wa dúró síta. Ẹ ò rí àwọn obìnrin tó di ara wọn mú lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, a gbọ́ igbe ọmọ. Ó tún pẹ́ gan-an kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nọ́ọ̀sì jáde, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ó ní, “Ọmọbìnrin ni. Ìyá rẹ̀ ti sùn. Mo rí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ, mo rán an.” Ó wo Mojírádé. “Mo rí i dáadáa.”



Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé àga fún Mojírádé, kí wọ́n gbé ẹmu wá. Mojírádé kò jókòó. Ó ti gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní, “Ilé mẹ́tàlélógún ni mo fi abẹ bó wáyà wọn, Baálẹ̀.” Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, ó ti wà ní ìdí ilé àkọ́kọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Ó ń sọ fún onílé pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa iná yín. Iṣẹ́ tí mo ṣe fún yín kò dáa. Mo wá tún un ṣe.”

Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló ṣì wà títí di òní. Ó ti ṣe ilé méjìdínlógún. Àwọn kan ń dúpẹ́, àwọn kan bú u, ọ̀kan tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ó sì tún padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ilé tèmi ló kàn lọ́la, ó sì ti ránṣẹ́ pé kí n kó gbogbo ohun tó wà lórí àjà sílẹ̀. Ẹran gbígbẹ ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ dìde, ọ̀rọ̀ mi ti parí. Ẹ̀yin méjì tí apá yín le, ẹ tẹ̀ lé mi.